Kápẹ́ẹ̀tì tàbí Lámínéètì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ilẹ̀ Yàrá Ìbùsùn Méjì ní Sùúrùlérè

Ilé alájà kan ni, ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ Sùúrùlérè tí wọ́n fi tẹ̀rásò ṣe ilẹ̀ wọn. Yàrá ìbùsùn méjì ni iṣẹ́ wà fún: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìyá onílé ń fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nínú méjèèjì, torí pé ẹsẹ̀ máa ń dùn wọ́n bí wọ́n bá tẹ ilẹ̀ líle láàárọ̀. Àwọn ọmọ wọn ń fẹ́ lámínéètì, pátákó ilẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ra, nítorí eruku, àti nítorí ọmọ kékeré inú ilé tó ní ikọ́ fée. Kí a tó gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ yàrá fúnra rẹ̀ ni a kọ́kọ́ bi léèrè. Ní Èkó, omi tó wà nínú kọnkéré ló yẹ kó pinnu ohun tí a ó tẹ́ lé e lórí. Ẹni tó bá ti lọ sọ́jà kó tó yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò lè san owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ kìíní: téèpù, réńjì, náílọ́ọ̀nù

A wọn yàrá òkè níbi mẹ́ta lóròó àti níbi mẹ́ta níbùú, torí ògiri ilé àtijọ́ kì í sábà gún régé. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 4.20, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 3.60. Ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 15.12. A na téèpù láti igun dé igun: ọ̀nà kan fún wa ní mítà 5.53, èkejì mítà 5.55. Yàrá náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 2 kò tó ohun tí ojú yóò rí, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri tó gún jù.

Réńjì alumíníọ̀mù oní-mítà 2, ọ̀pá gígùn tó gún régé, ló kàn. A gbé e lélẹ̀, a sì ń yí i káàkiri yàrá. Bí ó bá jẹ́ lámínéètì ni yóò wá sórí ilẹ̀ náà, àyè tó wà lábẹ́ réńjì kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 3 lọ níbikíbi. A rí kòtò mìlímítà 7 lábẹ́ fèrèsé. A tún rí gegele mìlímítà 4 lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bíríkìlà kan ti fi sìmẹ́ǹtì di ojú tẹ̀rásò tó fọ́. Kápẹ́ẹ̀tì ì bá gbé irú àbùkù yìí mì, fóòmù abẹ́ rẹ̀ á sì bo àṣírí. Lámínéètì kì í bo àṣírí ilẹ̀. Pátákó tó bá kọjá lórí kòtò á máa lọ sókè sódò nígbàkigbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ahọ́n tó fi di èkejì mú á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá yá á ya.

Náílọ́ọ̀nù la fi parí ọjọ́ náà, láti mọ̀ bóyá omi ń ti inú ilẹ̀ bọ̀, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. A gé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara sí sẹ̀ǹtímítà 45 lóròó àti níbùú, a gbá ilẹ̀ mọ́, a wá fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má ríbi wọlé. Wákàtí 16 ló kéré jù. A fi tiwa sílẹ̀ fún wákàtí 24. Mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀: ọ̀kan láàrin yàrá, ọ̀kan lẹ́bàá ògiri ìta, ọ̀kan lẹ́bàá ilé ìwẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ tààrà, torí oòrùn á ṣi yín lọ́nà.

Ọjọ́ kejì: ohun tí náílọ́ọ̀nù sọ

Lókè, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ táútáú, àwọ̀ ilẹ̀ abẹ́ wọn kò sì yí padà. Nísàlẹ̀, èyí tó wà láàrin yàrá gbẹ, ṣùgbọ́n omi ti ṣẹ́ wínníwínní sínú méjì yòókù, tẹ̀rásò abẹ́ wọn sì ti dúdú. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá ń ṣe tiyín: omi tó bá wà lójú òkè náílọ́ọ̀nù, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, èyí tó bá wà lábẹ́, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀.

A jáde síta, a sì rí ohun tó fà á. Nígbà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì, wọ́n gbé e ga, ilẹ̀ ìta wá fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Omi òjò tó yẹ kó wọ gọ́tà ń dúró ti ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn tó kọ́ ilé yìí kò tẹ́ náílọ́ọ̀nù sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì fúlọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó dá omi inú yẹ̀pẹ̀ dúró kó má gòkè wá. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Sùúrùlérè, Ẹ̀búté Mẹ́tà àti Mushin ló wà nínú kòtò báyìí. Ilé kò rì. Títì ló ga.

Bí a bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sínú yàrá ìsàlẹ̀ yìí lónìí, èébu á hù lábẹ́ rẹ̀ kí òjò tó dá. Bí a bá tẹ́ lámínéètì, etí pátákó á wú. A dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀, a sì kọjú sí òkè.

Kápẹ́ẹ̀tì: rere rẹ̀ àti ẹ̀rù rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ rere rẹ̀ ná. Ó rọ̀ lẹ́sẹ̀, ọmọ tó bá ṣubú lórí rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ fara pa, kì í sì í yọ̀. Ó ń pa ohùn ẹsẹ̀: ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ ilé alájà mọ iyì kápẹ́ẹ̀tì ẹni tó wà lókè orí rẹ̀. Kò fẹ́ wàhálà púpọ̀ lọ́wọ́ ilẹ̀, ènìyàn méjì sì lè tẹ́ ẹ parí láàárín wákàtí mẹ́ta. Yàrá wa yìí gan-an bá a mu, torí róòlù kápẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ ní mítà 3.66 (ìyẹn ẹsẹ̀ 12) yóò bo fífẹ̀ rẹ̀ láìsí ojú rírán kankan. Mítà 4.30 la ó gé lára róòlù, a ó sì fi ọ̀bẹ gé etí tó bá ṣẹ́kù.

Ìṣòro rẹ̀ ni ìtọ́jú ní ìlú yìí. Kòkòrò tíńtín tí ojú kò rí, tó ń jẹ awọ ara ènìyàn tó ń bó, ń gbé inú irun kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí ọ̀rinrin bá sì wà ló ti ń pọ̀. Ìgbẹ́ kòkòrò yìí ló ń ru ikọ́ fée sókè. Afẹ́fẹ́ Èkó kì í gbẹ débi tí yóò fi pa wọ́n, àfi bóyá láwọn ọjọ́ díẹ̀ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, ọyẹ́ yẹn náà á sì tún kó eruku tirẹ̀ wá. Ìgbálẹ̀ kì í yọ eruku inú kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń tẹ̀ ẹ́ wọnú sí i. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló lè yọ ọ́, iná mànàmáná sì ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ. Ilé tí kò bá ní iná tó dájú ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré jù, kò yẹ kó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ògiri dé ògiri sínú yàrá tí oníkọ́ fée ń sùn.

Omi ni ìṣòro kejì. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá rin gbingbin gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébu á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ní oṣù kẹfà, tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mélòó nínú wa ló lè gbẹ kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì?

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lókè, ohun tó yẹ kó béèrè nìyí: irun kúkúrú, ẹ̀yìn tí wọ́n fi okùn oníke hun, kì í ṣe ti jútù, torí jútù máa ń jẹrà bí omi bá kàn án. Kápẹ́ẹ̀tì polypropylene kì í fa omi mu, àbàwọ́n sì rọrùn láti fọ̀ kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n irun rẹ̀ máa ń sùn síbi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bá tẹ̀. Ti nylon ń gbérí padà ju tirẹ̀ lọ. Jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gọ́ọ̀mù sí gbogbo ilẹ̀. Téèpù olójú méjì ní etí yíká ti tó fún yàrá ìbùsùn, bí omi bá sì dà sí i, ẹ ó lè ká a lọ sóòrùn. Ayálégbé pàápàá yẹ kó gbọ́ èyí: gọ́ọ̀mù tó bá gbẹ sórí táìlì tàbí tẹ̀rásò onílé, àti-họ kúrò rẹ̀ lè gbà ju àti-tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà lọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ní Èkó, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì. Ó rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tó ń sun omi bíi ti ìsàlẹ̀ yìí, abẹ́ rẹ̀ ni omi yóò há sí, yàrá á máa rùn, ojú rírán rẹ̀ á sì máa ká.

Lámínéètì: ohun tí ẹ ń rà gan-an

Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ gidigidi ni inú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní HDF. Lórí rẹ̀ ni bébà tó ní àwòrán igi wà, lórí bébà náà ni awọ melamine tí wọ́n pò mọ́ alumíníọ̀mù ọ́kísáìdì, òun ló ń gba ìyà ẹsẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ náà ní awọ tirẹ̀ kí pátákó má baà ká. Nítorí náà kò ṣeé fi ẹ̀rọ fá tún ṣe bíi pátákó gidi. Bí bébà bá ti ya, ó ya nìyẹn.

Àwọn ọlọ́jà á sọ fún yín pé oní-mìlímítà 12 ló le ju oní-8 lọ. Ó le lóòótọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í dún bí ihò, ṣùgbọ́n nínípọn kọ́ ló ń sọ bí ojú rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ wo àmì AC ní ẹ̀gbẹ́ páálí, òun ló ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè gba ìyà ẹsẹ̀ tó. AC3 tó fún yàrá ìbùsùn ilé dáadáa. AC4 wà fún pálọ̀ tí èrò ń wọ̀ jáde tàbí ọ́fíìsì kékeré. Oní-mìlímítà 12 tó jẹ́ AC2 á yára ṣá ju oní-mìlímítà 8 tó jẹ́ AC4 lọ.

Kí a tó sanwó, a gba ègé kékeré kan lọ́wọ́ ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan ní Odúnadé, Orílé. A fi irin ìwọ̀n wọn nínípọn etí wọn, a rì wọ́n sínú abọ́ omi fún wákàtí 24, a sì tún wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan kúrò ní mìlímítà 8.0, ó di 8.9. Èkejì di 10.3, etí rẹ̀ sì là bí búrẹ́dì tó rì sínú tíì. Ìyẹn náà ló wọ́n jù nínú àwọn méjèèjì, torí àwọ̀ rẹ̀ dára. Ìdánwò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì sọ ohun tí páálí kò sọ.

Ọ̀tá lámínéètì ni omi tó dúró sójú ìsopọ̀, àti ikán. A yẹ férémù ilẹ̀kùn àti wọ́dúróòbù wò, a fi orí ṣúkúdíráfà gún igi wọn láti ìsàlẹ̀. Kò sí ilé ikán, igi kò sì rọ̀. Ká ní a rí i ni, a kì bá tẹ́ pátákó kan ṣoṣo kí wọ́n tó pa ikán náà tán.

Ìpinnu: lámínéètì oní-mìlímítà 8, AC3, fún yàrá òkè, àti rọ́ọ̀gì kékeré tó fẹ̀ ní mítà 1.2, tó gùn ní mítà 1.8, ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí Mama ti ń sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀. Rọ́ọ̀gì ṣeé gbọ̀n, ó ṣeé sá sóòrùn. Ẹsẹ̀ Mama á sinmi, oníkọ́ fée náà á mí.

Iye tí a rà

Pátákó tí a mú gùn ní mìlímítà 1215, ó fẹ̀ ní 195, mẹ́jọ ló wà nínú páálí kan, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 1.895 ní páálí. A fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún 15.12 fún ègékù, ó di 16.33, páálí mẹ́sàn-án. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sára páálí sì bára mu, torí àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìpele kan sí èkejì.

Náílọ́ọ̀nù tó nípọn ní mìlímítà 0.2: ọ̀nà méjì tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 4.40. Bí ọ̀kan bá gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 20, gbogbo rẹ̀ á fẹ̀ ní mítà 3.80, ìyẹn á fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 10 láti gbé sára ògiri ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fóòmù abẹ́ oní-mìlímítà 2, mítà onígun mẹ́rin 16. Sìkátìn oníke oní-mítà 2.4, èyí tí a ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri yíká: etí yàrá jẹ́ mítà 15.6, a yọ mítà 0.9 ẹnu ọ̀nà kúrò, ó ku 14.7, nítorí náà méje. Àpò kan ohun ìtẹ́jú ilẹ̀ tó ń ṣàn fúnra rẹ̀, irin ẹnu ọ̀nà méjì, sílíkóònù ìgò kan, òòlù rọ́bà, igi ìkàn, irin ìfà, àti wẹ́ẹ̀jì oní-mìlímítà 10 bí ogójì.

A gbé páálí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sínú yàrá náà, a tẹ́ wọn pẹrẹsẹ, a kò tú wọn, a sì fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 48. Pátákó tó bá ti inú ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù bọ̀ á fẹ̀ sí i bó bá fa ọ̀rinrin ilé mu. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tán kó tó di pé ẹ tẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kẹta: títún ilẹ̀ ṣe, àti omi ẹ̀rọ amúlétutù

Gíráńdà tó ní abẹ dáyámọ́ńdì la fi họ gegele ẹnu ọ̀nà. Ẹ bo imú àti ẹnu dáadáa. Eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kòtò abẹ́ fèrèsé náà, a kọ́kọ́ fi gíráńdà ya ojú tẹ̀rásò ibẹ̀ kó má dán mọ́, torí wáàsì àtijọ́ tó wà lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ọn. A kun ohun ìkùn tó ń jẹ́ kí nǹkan lẹ̀, a dúró kó gbẹ, a wá da ohun ìtẹ́jú sí i, bíi kílò 7 nínú àpò náà. Àwọn bíríkìlà kan máa ń fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì funfun tàbí ohun tí wọ́n fi ń dán ògiri dí irú kòtò báyìí. Ẹ kọ̀ fún wọn. Bó bá tín-ín-rín, á fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ pátákó, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bí ẹni ń tẹ yanrìn.

Bí ìyẹn ṣe ń gbẹ, a da omi lítà kan sínú àwo tó ń gba omi nínú ẹ̀rọ amúlétutù. Ìdajì rẹ̀ ló jáde síta. Ìyókù ń ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ sun sára ògiri. Páìpù rẹ̀ ti tẹ̀ sókè níbi tó ti kọjá nínú ògiri. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe tún ihò náà gbẹ́ kí páìpù lè dagẹ̀rẹ̀ síta, a tún da lítà kan sí i, gbogbo rẹ̀ sì jáde. Lára àwọn ilẹ̀ lámínéètì tó ti wú tí a máa ń bá pàdé ní Èkó, abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni a kọ́kọ́ máa ń wò, lẹ́yìn náà abẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́ kẹfà: títẹ́

Ohun ìtẹ́jú ti gbẹ. Réńjì fi hàn pé ibi tó burú jù kò ju mìlímítà 2 lọ mọ́. A gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Náílọ́ọ̀nù kọ́kọ́ wọlé, a fi téèpù lẹ ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Fóòmù tẹ̀ lé e, etí kan etí, kò gun ara wọn. Fóòmù kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá fi fóòmù méjì sí i kó lè rọ̀ sí i, tàbí tó lo fóòmù tìmùtìmù, ńṣe ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ahọ́n pátákó.

Ìṣirò ìlà: fífẹ̀ yàrá jẹ́ 3600, a yọ mìlímítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ilẹ̀ lè ríbi fẹ̀ sí, ó ku 3580. Ìlà méjìdínlógún odindi á gba 3510, á ku 70 péré fún ìlà ìkẹyìn. Kò burú, torí ó ju 50 lọ, ṣùgbọ́n ojú kì í gba tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. A pín in: ìlà àkọ́kọ́ 132, mẹ́tàdínlógún odindi, ìlà ìkẹyìn 133. Apá ahọ́n ni a gé kúrò lára ìlà àkọ́kọ́, kí ojú tó gún kọjú sí ògiri.

Pátákó ń lọ sí ọ̀nà fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ má baà fi ojú ìsopọ̀ hàn. Nínú ìlà àkọ́kọ́, pátákó odindi mẹ́ta àti 535 ló kún 4180 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àyè ògiri. Ègékù 680 ni a fi bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, a fi odindi méjì tẹ̀ lé e, a gé 1070 parí rẹ̀. Ègékù 145 tó jáde níbẹ̀ kúrú jù, a sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pátákó tó bá máa bẹ̀rẹ̀ ìlà kò gbọdọ̀ kéré sí 300. Ìlà kẹta padà sí bíi ti àkọ́kọ́. Báyìí ni ojú ìsopọ̀ ṣe ń jìnnà síra ní 535 tàbí 680 jálẹ̀ gbogbo ilẹ̀. Pátákó 67 ni gbogbo rẹ̀ gbà nínú 72. Ẹ fi ayùn ọwọ́ gé e ní ojú òkè. Bó bá jẹ́ ayùn iná ni, ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí eyín ayùn má baà ya bébà.

Bí a ṣe ń so wọ́n: a gbé pátákó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, a ti ahọ́n rẹ̀ wọnú ihò èkejì, a wá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tí yóò fi dún. Bí kò bá dún, kò tíì wọlé. Ìlà kẹrin kọ̀ láti pa dé, àyè bí ìdajì mìlímítà kan wà níbẹ̀ bó ti wù kí a kàn án tó. A tú u, a bá ìràwé ayùn nínú ihò rẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, ó pa dé wẹ́rẹ́. Ẹ má fi òòlù bá irú rẹ̀ jà; igi ìkàn ni kí ẹ fi sáàárín, kí ẹ má kan etí pátákó tààrà rárá.

Férémù ilẹ̀kùn: a kò gé pátákó yí i ká. A gbé ègé pátákó lé fóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, mìlímítà 10 lápapọ̀, a fi ayùn gé ìdí férémù ní ojú rẹ̀, pátákó wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ní àyè mìlímítà 6 lábẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti gbéra ní 10, nítorí náà a gé 10 lára rẹ̀ kí àyè náà lè padà sí 6.

Irin ẹnu ọ̀nà ni a dè mọ́ kọnkéré nínú àyè tí a fi sílẹ̀, kì í ṣe mọ́ pátákó. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, a fi sílíkóònù dí àárín irin àti táìlì yíká, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tútù ti ń jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà: àbẹ̀wò

Ilẹ̀ gbéra díẹ̀ lẹ́bàá wọ́dúróòbù, bí ẹni pé nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. A yọ sìkátìn. Ẹni tó kàn án ti kan ìṣó méjì dagẹ̀rẹ̀ wọnú pátákó dípò ògiri. Gbogbo ilẹ̀ yìí kan léfòó lórí fóòmù ni; bí ọ̀rinrin bá pọ̀, ó ń fẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi sún sí. Ìṣó méjì péré ti so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́lẹ̀, ibi tí kò so ló ń gbé ìyà rẹ̀. A fà wọ́n yọ, a kan sìkátìn mọ́ ògiri. Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti padà tẹ́jú. Ìdí kan náà ni a kò fi tẹ́ pátákó sábẹ́ wọ́dúróòbù tó wà lára ògiri: a dúró ní mìlímítà 10 sí ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì fi bíìdì, igi tẹ́ẹ́rẹ́, bò ó.

A sọ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ilé: kí wọ́n gbá a, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fún dáadáa nù ún. Kò sí dída omi bẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ bíi ti tẹ̀rásò. Aṣọ rírọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Pátákó márùn-ún tó ṣẹ́kù wà ní títẹ́ pẹrẹsẹ lórí wọ́dúróòbù, nínú páálí rẹ̀, torí irú àwọ̀ yẹn lè má sí lọ́jà mọ́ nígbà tí ọ̀kan bá bàjẹ́.

Yàrá ìsàlẹ̀

A kò tẹ́ ohunkóhun. Wọ́n ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ ògiri ìta sílẹ̀ di ìsàlẹ̀ ojú ilẹ̀ yàrá, wọ́n sì da kọnkéré dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà. Wọ́n ti tún páìpù ilé ìwẹ̀ tó ń jò ṣe. Kọnkéré tó ti mu omi láti ọjọ́ pípẹ́ kì í gbẹ lọ́sẹ̀ kan, nítorí náà tẹ̀rásò ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú rọ́ọ̀gì kan tí wọ́n ń ká kúrò ní gbogbo òwúrọ̀ kí ilẹ̀ lè mí. A ti lẹ náílọ́ọ̀nù mẹ́ta tuntun sílẹ̀, sí ojú ibi kan náà. A ó tún padà wò wọ́n lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, a ó sì wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti rọ̀ dáadáa, kí a tó dárúkọ kápẹ́ẹ̀tì tàbí lámínéètì fún yàrá yẹn.